Ojú Kejì Nínú Yàrá Ìpòògùn

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ti fẹ́ lù. Òjò ti ṣú láti òwúrọ̀, kò rọ̀, kò sì lọ. Ó kàn dúró lókè bí àlejò tí kò fẹ́ sọ ohun tó wá ṣe. Ooru mú débi pé ògiri ilé ìwòsàn ń làágùn. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìpòògùn, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti kọṣẹ́ tipẹ́, òtútù ń mú Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọrùn.

Ó rò pé ibà ló fẹ́ ṣe òun. Ó rọra gbé sírínjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àpótí gíláàsì tí wọ́n ti ń po oògùn, ó sì bojú wẹ̀yìn. Obìnrin kan dúró létí tábìlì kejì, ibi tí ojú kejì, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ apòògùn wò, máa ń dúró sí gan-an. Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán o, Mà," ó ní. "Ṣé Ọ̀gá ló rán yín sí mi?"

Obìnrin náà kàn tẹrí ba díẹ̀, bí ẹni tó ń kí èèyàn nínú ilé àdúrà. Ó wọ kóòtù funfun alápá gígùn, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọ̀fun, aṣọ náà sì mọ́ bí aṣọ tí omi kò kàn rí. Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ mí kanlẹ̀. Ó ti ń dúró de ojú kejì láti àárọ̀, kò sì sẹ́ni tó wá. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kì í béèrè orúkọ ẹni tó gbé omi wá.

Kì í ṣe bàbá ẹnì kankan o. Àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ewú ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì orí rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbé ìwé sábẹ́ abíyá kiri bí ọmọléèwé. Ó ti di apòògùn tipẹ́. Ó ti ta oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ṣọ́ọ̀bù etí títì, ó ń ti ìdí fèrèsé na oògùn sí àwọn èèyàn tí kò ní rí mọ́, títí ó fi sú u. Ó fẹ́ mọ ohun tí oògùn ń ṣe lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́wọ́ òun. Ìdí nìyẹn tó fi padà wá kọ́ ẹ̀kọ́ àṣekún, èyí tí apòògùn tó ti gboyè máa ń ṣe nílé ìwòsàn kó lè máa bá dókítà dé orí ibùsùn aláìsàn.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Láàárọ̀, yóò tẹ̀lé àwọn dókítà láti ibùsùn kan dé èkejì. Bí dókítà àgbà bá yíjú sí i pé, "Apòògùn, kí lo rí?" ó gbọ́dọ̀ lè sọ oògùn tó ń bá oògùn jà, àti aláìsàn tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè gbé ohun tí wọ́n kọ fún un. Lọ́sàn-án, yóò wọ yàrá ìpòògùn lọ po àwọn oògùn líle tí wọ́n ń fi omi dríìpù fà sára. Lálẹ́, ìwé. Bí ó bá sì parí, àwọn olùdánwò yóò ti ibòmíràn wá bi í léèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, níṣojú aláìsàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò ló ń jí i lójú oorun. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Aránṣọ ni àbúrò yìí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń dún kí ìkòkò má baà dákẹ́ nínú ilé. Ní báyìí, òun náà ti dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹjẹrẹ ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní oògùn ìpele kìíní, ara rẹ̀ sì gbà á. Ìpele kejì ni wọ́n ń retí, oògùn rẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń wá bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

"Bọ̀ọ̀dá mi," Aránṣọ máa ń sọ bó bá ti rí i, "wọ́n ní ẹ ti ń bá àwọn dókítà rìn."

"Ẹ̀yìn wọn ni mò ń tọ̀."

"Ẹ̀yìn náà ṣáà nìyẹn. Ẹ sún mọ́bí kí n rí yín." Yóò wò ó láti òkè délẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé aṣọ tí kò dáa wá bá. "Ẹ ti rù o. Èmi ni mò ń ṣàìsàn, ẹ̀yin lẹ ń rù. Ẹ wo èjìká kóòtù yín bó ṣe ń já bọ́ bíi pé ẹ jí i wọ̀. Ẹ bọ́ ọ kalẹ̀, kí n dín in."

"Ìwọ tí wọ́n ní kó o sinmi?"

"Ọwọ́ mi kò ṣàìsàn."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fi kóòtù sílẹ̀ fún un, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè fún un.

Ká padà sí yàrá ìpòògùn. Àṣà kan wà níbẹ̀ tí Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ kì í fi ṣeré. Obìnrin kúkúrú kan ni Ọ̀gá yìí, ẹni tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ìyá Òṣùwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní oògùn líle kankan kò gbọdọ̀ jáde pẹ̀lú ojú kan. Ẹni àkọ́kọ́ yóò pò ó, yóò fà á sínú sírínjì. Ẹnì kejì yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò ṣírò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìwo iye tí ẹni àkọ́kọ́ kọ. Bí ó bá ti ṣe tán, wọn yóò fi ìka kan tábìlì, àwọn méjèèjì yóò sì pe iye rẹ̀ sókè pa pọ̀. Bí ohùn méjèèjì bá bára mu, oògùn di ti aláìsàn.

"Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí," Ọ̀gá máa ń sọ. "Ẹni tó bá sì wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kó tó ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ojú kejì. Òjìji ni."

Nígbà kan, Ẹlẹ́fẹ̀ ni ojú kejì Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ni, a máa pe iye oògùn bí oníwàásù tó fẹ́ gba ọrẹ, ẹ̀rín á sì pa wọ́n nínú ìbomú wọn. Ẹlẹ́fẹ̀ ti bá ọkọ̀ òfúrufú lọ, bí gbogbo èèyàn ti ń lọ. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Pè mí lórí fóònù, màá sáré wá." Ṣùgbọ́n ìpàdé ń pe Ọ̀gá, wọ́ọ̀dù ń pe Ọ̀gá, ọ̀gá Ọ̀gá náà ń pe Ọ̀gá. Aláìsàn kò sì lè dúró de ìpàdé.

Ohun tó jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn sí obìnrin àjèjì yìí nìyẹn. Ó fi ìka kan tábìlì.

"Ọgọ́rin," ó ní.

"Ọgọ́rin," obìnrin náà ní. Ohùn wọn bọ́ sí ara wọn bí ọmọrí bọ́ sí ẹnu ìkòkò. Ohùn tirẹ̀ rẹlẹ̀, bí ohùn ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n kò yá jù, kò sì falẹ̀. Ohùn Ẹlẹ́fẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ ṣeun gan-an, Mà." Nígbà tí ó fi máa tú oògùn náà sínú àpò omi dríìpù, kó sì gbé e sínú àwo, kò sí ẹnikẹ́ni létí tábìlì kejì. Òtútù náà ti lọ. Ooru padà bo yàrá bí aṣọ tó nípọn.

Awakọ̀ kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni wọ́n fa oògùn náà sí lára. Ọkùnrin aláwàdà ni, a máa sọ fáwọn nọ́ọ̀sì pé tí òun bá jáde, òun á gbé wọn káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́ títí táyà á fi jẹ tán. Nígbà tí Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀lé àwọn dókítà débẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ká aṣọ ibùsùn náà. Àpò oògùn ṣì wà lórí irin tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ìdajì rẹ̀ ni Awakọ̀ lò.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ikú mọ ọ̀nà wọ́ọ̀dù yẹn dáadáa, kì í béèrè. Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́dùn, ó sì kọjá sí ibùsùn tó tẹ̀lé e.

Obìnrin náà tún wá. Olùkọ́ kan ni oògùn wà fún lọ́jọ́ yẹn, obìnrin tó ń fi bírò pupa ṣàtúnṣe ìwé ìròyìn lórí ibùsùn nítorí kò lè rí àṣìṣe kó mójú kúrò. Òtútù, kóòtù funfun, ìka lórí tábìlì, ohùn méjì tó dún bí ẹyọ kan. Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóun bá ní irú obìnrin yìí lójoojúmọ́, òun á máa tètè sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Olùkọ́ ti lọ. Àpò oògùn rẹ̀ náà kù sí ìdajì.

Ọjọ́ tí ojú rẹ̀ là, Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń po oògùn fún. Ìyá yìí ní ọmọ mẹ́fà, gbogbo wọn ló ń sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ kan, a máa nawọ́ sí wọn láti orí ibùsùn pé, "Ẹ gbẹ́nu dákẹ́ jàre, mi ò tíì kú, ẹ ti ń pín mi." Ó ti rẹ Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́. Kò sùn mọ́jú. Ó fa oògùn náà sínú sírínjì, òtútù sì bà lé e lẹ́yìn ọrùn, ó sì mọ̀ láìbojú wẹ̀yìn pé ojú kejì ti dé. Ó fi ìka kan tábìlì. Ahọ́n rẹ̀ yọ̀.

"Ọ̀ọ́dúnrún," ó ní.

"Ọ̀ọ́dúnrún," obìnrin náà ní, lẹ́ẹ̀kan náà, láìyẹ̀.

Ọgbọ̀n ló yẹ kó jẹ́. Ọgbọ̀n ló wà nínú sírínjì. Ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, ohun tó lè pa èèyàn, ni ẹnu rẹ̀ sọ yẹn, ẹni tó wà níbẹ̀ láti dá a dúró sì bá a sọ ọ́ bí ẹni ń ṣe àmín.

Ó yíjú pátápátá sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wò ó bí èèyàn ti ń wo èèyàn. Kò sí bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí bébà. Kóòtù wọ́ọ̀dù ló sì wọ̀ wọ yàrá náà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ tó kọ́ṣẹ́ ní àná pàápàá mọ̀ pé ìta lèèyàn ń kọ́ kóòtù sí, pé kò sẹ́ni tó ń gbé eruku wọ́ọ̀dù wọ ibi tí wọ́n ti ń po oògùn.

Ìrépé bébà kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ láti inú àpótí gíláàsì. Ó ń fì lẹ̀lẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Bí èèyàn bá dúró sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, ìrépé yẹn á rọ̀ wálẹ̀. Obìnrin náà dúró sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ìrépé bébà ń fì lẹ̀lẹ̀ bíi pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Mà," Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìṣirò tiyín hàn mí."

Ètè obìnrin náà ń mì pẹ̀lú tirẹ̀. Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìṣirò tiyín hàn mí. Ọ̀rọ̀ kan kò ṣáájú, ọ̀kan kò gbẹ́yìn. Ìgbà náà ló tó yé e pé láti ọjọ́ tó ti ń wá, obìnrin yìí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tirẹ̀.

Kò rántí bó ṣe jáde. Ọ̀gá ló gbá a mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó ṣe ń bọ̀ láti ìpàdé.

"Kí ló dé? Ta ló ń lé ọ?"

"Ọ̀gá, obìnrin tẹ́ ẹ rán sí mi..."

"Èmi rán ta ni?"

Ó sọ fún un. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ojú Ọ̀gá ń pọ́n, tó ń ràn. Nígbà tó dé orí kóòtù tí wọ́n de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọ̀fun, Ọ̀gá mú un lọ́wọ́ wọ yàrá tí wọ́n ń kó páálí oògùn sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sórí páálí kan.

"Ẹni mélòó lo ti jẹ́ kó bá ọ ṣe?"

"Awakọ̀ ni. Àti Olùkọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni mò ń ṣe lọ́wọ́."

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn?"

"Ó ṣì wà lábẹ́ gíláàsì, Mà."

"Ọlọ́run ṣeun." Ọ̀gá fi ọwọ́ nu ojú. Ó rọ ohùn sílẹ̀ débi pé Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbọ́. "Fetí sí mi. Mi ò ní tún un sọ. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ rí i. Ẹni tó kọ́ òun náà rí i. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́. Bóyá òun ló ń pa wọ́n, bóyá kò pa wọ́n, n kò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oògùn tó bá ti ṣe ojú kejì fún, ẹni tó ni ín kì í lò ó tán."

"Kí ló wá fẹ́?"

"Àyè ló ń wá. Àyè ojú kejì tó bá ṣófo, ibẹ̀ ló ń dúró sí. O rò pé nínú ìwé ni mo ti rí i pé kẹ́ ẹ máa kọ ẹ̀yìn síra yín, kẹ́ ẹ máa pariwo iye oògùn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Tí èèyàn gidi bá ti wà níbẹ̀, tó ṣe ìṣirò tirẹ̀ ní tòótọ́, kì í wá. Kò sáyè fún un."

"Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún wa."

"Ká ní mo sọ fún yín," Ọ̀gá ní, "ta ni ì bá gbà á gbọ́ nínú ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé?"

Wọ́n padà wọlé. Ọ̀gá da oògùn Ìyá Oníbúrẹ́dì nù, ó ṣí ìgò tuntun, ó pò ó. Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ẹ̀yìn, ó ṣírò tirẹ̀, wọ́n kan tábìlì, wọ́n pè é. Ohùn méjì péré. Ooru ń mú, kò sí òtútù kankan. Ìyá Oníbúrẹ́dì lo oògùn náà dé ẹ̀kán ìkẹyìn. Ọjọ́ tó ń relé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde, ó ń bá gbogbo ọmọ rẹ̀ jà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Inú ọ̀fọ̀ ni Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ wà láti ọjọ́ náà. Kò lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Awakọ̀ kí ara rẹ̀ má bù máṣọ. Bí dókítà àgbà bá sì bi í pé, "Apòògùn, kí lo rí?" ohùn rẹ̀ kì í tètè jáde, nítorí ó rí ohun tí kò lè sọ.

Ìgbà náà ni wọ́n rí oògùn Aránṣọ. Ìgò kan ṣoṣo. Wọ́n ti wá a dé ibi gbogbo tí fóònù lè dé, ìgò kan yẹn ni gbogbo ohun tó kù. Dókítà àgbà wo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò láàárọ̀, ó ní àìsàn náà ti ń padà yọjú, pé bí oògùn kò bá wọ̀ ọ́ lára lónìí, kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu lọ́la.

Ọ̀gá pe Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́yìn. "Kò yẹ kó jẹ́ ìwọ. A kì í fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n wọn nǹkan. Ṣùgbọ́n ta ni mo ní? Èmi ni màá pò ó. Ìwọ ni ojú kejì. Ṣé wàá lè ṣe é?"

"Màá ṣe é, Mà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá wàá ṣe é. Mo ní, ṣé wàá lè ṣe é?"

"Màá lè ṣe é."

Ó kọ́kọ́ yà sí wọ́ọ̀dù. Ìyá wọn wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ti sùn lọ, ó sì di etí aṣọ ọmọ rẹ̀ mú nínú oorun. Aránṣọ ti rù débi pé egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yọ bíi kókó. Ó gbé kóòtù lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, òwú ń fà nídìí rẹ̀.

"Èjìká kan ló kù," ó ní. "Ó rẹ̀ mí lálẹ́ àná. Ẹ máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ná. Tí mo bá gba oògùn òní tán, màá ṣe èkejì."

"Kò sí wàhálà."

"Kí ló wá ṣe ojú yín bẹ́ẹ̀? Bọ̀ọ̀dá mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ fẹ́ pò ó?"

"Ọ̀gá ni. Èmi ni ojú kejì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó di ojú. "Ọkàn mi balẹ̀. Ojú yín dáa. Láti kékeré lẹ ti ń bá mi wo ẹ̀yìn."

Nínú yàrá ìpòògùn, ooru wà. Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ fi ara rẹ̀ wá òtútù, kò rí i, ó dúpẹ́. Ọ̀gá ki ọwọ́ sábẹ́ gíláàsì, ó fọ́ ẹnu ìgò, ó pò ó. Oògùn náà pupa fòò. Ó fà á sínú sírínjì, ó kọ iye rẹ̀ sórí bébà, ó sì lẹ bébà náà mọ́ ara gíláàsì níwájú rẹ̀.

"Ó yá, ṣe tìrẹ," ó ní.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn fíríìjì, ó tẹ́ bébà rẹ̀ sílẹ̀, ó kọ gíga Aránṣọ, ó kọ bó ṣe wúwo sí. Nígbà tó kọ bó ṣe wúwo sí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò yẹ kí àgbàlagbà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀, ó rí iye kan. Ó tún un ṣírò láti mọ̀ dájú, ó rí òmíràn. Ó pa á rẹ́. Òógùn bọ́ láti iwájú orí rẹ̀ sórí bébà, ó sì wú ojú ibi tó kọ ọ́ sí. Ó gbìyànjú ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ohùn Aránṣọ ń sọ létí rẹ̀ pé ojú yín dáa, ojú yín dáa, gbogbo nọ́ńbà sì dà pọ̀ mọ́ra wọn bí èèrà tí wọ́n tú ilé wọn.

Ilẹ̀kùn fíríìjì náà ń dán. Nínú dídán rẹ̀, ó rí ẹ̀yìn Ọ̀gá, ó rí gíláàsì, ó sì rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Òdì ni nọ́ńbà ara rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n apòògùn ni, ó mọ nọ́ńbà láìka bó ṣe dojú kọ sí. Ó ti rí i kó tó mọ̀ pé òun ń wò ó. Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú tí ojú fi ń ṣẹ́.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọ̀kan nínú iye méjì tó kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ó pa èkejì tì, ó kọ eléyìí sílẹ̀ gàdàgbà.

"Mo ti ṣe tán, Mà."

Ọ̀gá fi ìka kan tábìlì.

"Àádọ́rin," Ọ̀gá ní.

"Àádọ́rin," Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ ní.

"Àádọ́rin," ni ohùn kan sọ láàárín wọn, ohùn tó rẹlẹ̀, bí ohùn ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Òtútù bà lé e lẹ́yìn ọrùn. Ìrépé bébà lórí ẹ̀rọ ń fì lẹ̀lẹ̀, kò rọ̀.

Ọ̀gá kò bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lábẹ́ gíláàsì bí ọwọ́ ère, sírínjì pupa náà nínú rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo, kò bínú. Ó dà bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n.

"Ṣé o wò ó?"

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ la ẹnu. Létí tábìlì kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀ gan-an, ó gbọ́ tí ẹnu kan là pẹ̀lú tirẹ̀, tó ń dúró de ohun tí yóò sọ. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Kò sí ìgò mìíràn. Oògùn tí wọ́n ti pò kò lè padà di ìyẹ̀fun, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní pẹ́ bàjẹ́ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wo bébà tó wà níwájú rẹ̀, ó wò ó títí, ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ètè tí kò dún.

"Iye náà pé," ó ní. "Mo ti wò ó wò ó. Ó pé."

Ó ti sírínjì náà. Pupa ya wọ inú omi àpò náà bí èéfín, ó tàn ká títí gbogbo rẹ̀ fi pọ́n. Ó lẹ orúkọ mọ́ ọn, ó gbé e sínú àwo, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Fóònù ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́ọ̀dù ni. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó mú kóòtù rẹ̀ lára ìṣó, ó wọ̀ ọ́. Èjìká kan bá a mu, èkejì ń já bọ́. Ó padà wá gbé àwo náà, ó sì gbé e lọ fún àbúrò rẹ̀.